Lẹ́tà láti Bronx lórí ìbò mayor

Bronx, New York
18 Oṣù Kẹwàá, 2025

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ọmọ ń kọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí o ní kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní mayor. Alága káńsù ni, ọ̀rẹ́ mi, àmọ́ káńsù tí èèyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Ọjọ́ kẹrin oṣù tó ń bọ̀ la máa dìbò, èyí sì ni àkọ́dìbò tèmi láti ìgbà tí mo ti di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, bí mo ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, mo jókòó ti tẹlifíṣọ̀n láìbọ́ bàtà, mo ń gbọ́ bí àwọn mẹ́ta tó ń du ipò náà ṣe ń bára wọn fà á: Zohran Mamdani tí wọ́n bí sí Uganda, Andrew Cuomo tó ti ṣe gómìnà rí, àti Curtis Sliwa onífìlà pupa. Ti Sliwa kò gùn: kí owó orí ilé wálẹ̀, kí ọlọ́pàá pọ̀ sí i. Àwọn méjì tó kù ló ń fa ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ní báyìí, dọ́là 16.50 ni owó iṣẹ́ wákàtí kan tó kéré jù níbí. Mamdani ní òun fẹ́ kó di 30 tó bá máa fi di ọdún 2030. Cuomo ní 20, lọ́dún 2027. Èmi tí mò ń gbé àwọn arúgbó dìde, tí mò ń wẹ̀ wọ́n, o mọ̀ bí ọgbọ̀n dọ́là ṣe máa rí létí mi. Àmọ́ Cuomo ló fọwọ́ sí òfin dọ́là 15 lọ́dún 2016, n kò ní fi ìyẹn dù ú. Ibi tó ti wá dùn mí ni pé Albany, níbi tí gómìnà wà, ni agbára lórí owó yẹn wà. Ibẹ̀ náà ni owó orí àwọn olówó tí Mamdani fẹ́ fi kún wà, àti ọkọ̀ bọ́ọ̀sì tó ní a ó máa wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. O rí i pé bíi tilé ni: àwọn alága káńsù yín náà ń ké pé ọwọ́ gómìnà ni owó àwọn wà, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù fi dá ẹjọ́ yẹn léṣìí.

Nítorí náà, ohun tó wà ní ìkáwọ́ mayor fúnra rẹ̀ ni mo ń wò. Òun ló ń yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án tó ń pinnu iye tí owó ilé máa fi lé sí i nínú bíi mílíọ̀nù kan ilé, tèmi sì wà lára wọn. Mamdani ní kò ní lé rárá. Kì í ṣe àlá: wọ́n ti ṣe é lọ́dún 2015, 2016 àti 2020. Cuomo ní òun máa kọ́ ilé tuntun tàbí kí òun dá èyí tó ti wà sí, tó 500,000 láàárín ọdún mẹ́wàá. Ó dára, àmọ́ oṣù yìí ni mò ń san owó ilé.

Ọmọ mi obìnrin ti fiṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹta. Ibi tí wọ́n ń bá a tọ́jú ọmọ ń gbé owó tó ń gbà lọ tán, ìwọ̀nba tó kù kò tó wọkọ̀. Ìtọ́jú ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà títí dé ọdún márùn-ún ni Mamdani ṣèlérí. Owó yẹn pọ̀, òun náà máa nílò Albany, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé ìyá ọmọ náà ń fẹ́ ṣiṣẹ́.

Ìyá tí mo ti ń ra èlùbọ́ kò fara mọ́ mi o. Ilé ìtajà oúnjẹ márùn-ún tí Mamdani fẹ́ kí ìjọba dá sílẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. "Ṣé ìjọba máa wá bá mi du oníbàárà ni?" Kò sí ìdáhùn lẹ́nu mi. Mo kàn sọ fún un pé Mamdani tún ní òun máa dín owó ìtanràn àti owó ìwé àṣẹ àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké kù sí ìdajì. Ó mi orí, ó bu ìwọ̀n èlùbọ́ kan lé e fún mi.

Mamdani ni mo máa dì í fún. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n ń ṣí ibi ìdìbò fún àwọn tó fẹ́ tètè dì í, èmi àti ọmọ mi la jọ ń lọ, kí n tó kọrí sí ibi iṣẹ́.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì. Sọ fún mi bóyá káńsù yín ti tún ọ̀nà ọjà yẹn ṣe.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé ìwé