Lẹ́tà sí Bùrọ̀dá Àkànní

Bùrọ̀dá mi,

Lọ́jọ́ Ẹtì tí a gbé Túnjí ọmọ mi lọ sí ilé ìwòsàn nítorí àìsàn ọpọlọ, dókítà kan tí mo lè bí lọ́mọ bi mí pé, "Mà, ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí yín rí?" Bàbá Túnjí wolẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ilé wọn wá ṣe ìwádìí ìdílé, Màmá ní kí á sọ pé Kánò lẹ wà, ẹ ń ṣiṣẹ́. Wọ́ọ̀dù lẹ wà. Ẹ ò dé Kánò rí láyé yín, síbẹ̀ Bàbá Kánò làwọn ọmọ mi mọ̀ yín sí títí ẹ fi kú.

Mo dá dókítà náà lóhùn pé ó ti ṣẹlẹ̀. Mo dárúkọ yín àti ti bàbá wa. Ó béèrè oògùn tí ẹ lò, mo kà á fún un: Largactil, Stelazine, abẹ́rẹ́ Modecate tí wọ́n ń gún yín ní ìdí lóṣooṣù, àti Artane nítorí ọrùn yín tó máa ń lọ́ àti itọ́ tó máa ń dà. Ẹnu yà á. Ta ni ì bá tún mọ̀ ọ́n? Èmi ni mò ń kà á sínú ìdérí agolo Bọnfítà láràárọ̀.

Kí á tó mọ ọ̀nà Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta, ọ̀dọ̀ oníṣègùn la kọ́kọ́ gbé yín lọ. Wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de ẹsẹ̀ yín mọ́ ìtì igi, wọ́n fún yín ní àgbo asọfẹ́yẹjẹ, ẹ sùn bí òkú. Màmá ní ẹ ti gbádùn. Oògùn wà nínú gbòǹgbò igi yẹn lóòótọ́, ó máa ń mú ara rọ̀, ṣùgbọ́n ta ló wọ̀n ọ́n? Àpá irin náà ò kúrò ní ọrùn ẹsẹ̀ yín mọ́. Màmá ti gbọ́ pé láyé Dókítà Lambo, láti 1954, àwọn aláìsàn máa ń gbé láàárín àwọn ará abúlé Arò, tí ẹbí á máa dáná fún wọn. Ó wù wọ́n kí tiyín rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín àwa méjèèjì o. Ẹ ti dé láti Arò, ara yín ti balẹ̀, ẹ ń kọ́ mi ní ìṣirò. Rédíò Bàbá ń ka ìròyìn. Ẹ yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ẹ dẹtí, ẹ wá ní, "Àbẹ̀kẹ́, wọ́n dárúkọ ìwọ náà." Mo ní ta ni? Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí n máa bá ìṣirò mi lọ.

Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà náà. Títí dòní, bí wọ́n bá pè mí lọ́jà tí n kò rí ẹni tó pè mí, àyà mi á já. Nígbà tí mo bí Túnjí tí oorun dá lójú mi, ẹ̀yin ni mò ń rò. Àìsàn ló ń sọ̀rọ̀, mo mọ̀. Ṣé kò lè dárúkọ Bùrọ̀dá Àyìndé ni? Èmi tí ẹ fẹ́ràn jù lẹ sọ ọ́ fún, ẹ ò sì sọ ohun tí wọ́n sọ.

Ó kan Túnjí báyìí. Ó fi plásítà bo kámẹ́rà kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní àwọn olùkọ́ ń ka ọkàn òun. Pásítọ̀ ní ká gbé e lọ sórí òkè. Mo ní kó gbàdúrà lórí rẹ̀ nílé, lẹ́yìn tó bá ti lo oògùn. Olanzapine ni tiẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ò lọ́, ṣùgbọ́n ó lè dá ìkòkò ọbẹ̀ jẹ tán, owó oògùn náà sì ń gun òkè. Dókítà ní nínú ènìyàn 100, bí 1 ni àìsàn yìí, schizophrenia, máa ń ṣe. Bí ó bá ṣe bàbá tàbí ìyá, bí 10 nínú ọmọ 100. Ti arákùnrin ìyá ò tó bẹ́ẹ̀. Bàbá Túnjí gbọ́ ọ, àmọ́ láti ọjọ́ Ẹtì, "ọmọ rẹ" ni wọ́n ń pè é sí mi létí.

Lánàá, Túnjí bi mí bóyá Bàbá Kánò náà ń gbọ́ ohùn. Mo ní ẹ ń gbọ́ ọ. Ó ní kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí wọn? Mo ní ẹ gba abẹ́rẹ́, ẹ kọ́ ọmọ níwèé, ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa yín. Ó ní òun fẹ́ rí fọ́tò yín. Ẹyọ kan tó kù wà lọ́wọ́ Bùrọ̀dá Àyìndé, wọ́n sì ní àwọn ò mọ ibi tí àwọn fi sí. Mo ń lọ sí Ìjẹ̀bú ní Sátidé, wọn ó wá a jáde lójú mi.

Àbẹ̀kẹ́ yín