Ìkànnì Tó Ń Falẹ̀ Kì Í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀ Àwọn Tó Ń Kọ Kódù Nìkan

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ àti àwọn ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí wọ́n sábà máa ń kà sí iṣẹ́ àwa tí à ń kọ kódù nìkan, ìyẹn bí ìkànnì ilé-iṣẹ́ wọn ṣe ń yá sí nígbà tí oníbàárà bá ṣí i lórí fóònù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn, mo sì ti rí i pé ìkànnì kì í ṣàdédé wúwo. Ènìyàn ló ń di ẹrù lé e, láti oríṣiríṣi yàrá nínú ọ́fíìsì kan náà, títí tí kò fi ní sí ẹnì kan ṣoṣo tó mọ iye ẹrù tó wà lórí rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági. Ìyá yìí fẹ́ ra ọjà lórí ìkànnì kan tí èmi fúnra mi wà lára àwọn tó ṣe é. Fóònù kékeré ló ń lò, ojú rẹ̀ sì ti là ní igun kan. Ó tẹ ìkànnì náà, ojú fóònù funfun báláú. Ó dìde, ó na fóònù síta lẹ́nu ọ̀nà kí nẹ́tíwọ̀kì lè mú un dáadáa, ó tún padà wá jókòó. Nígbà tí ojú ewé náà ṣí wàyí, tí ó sì fẹ́ tẹ ibi tí a kọ "Ra á" sí, àwòrán ńlá kan yọ lókè lójijì, ó ti gbogbo nǹkan wá sísàlẹ̀, ìka ìyá sì bọ́ sórí ìpolówó tí kò béèrè. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ṣe nǹkan yìí, ṣé ẹ máa ń lò ó?" N kò rí èsì kankan fún wọn.

Ní ọjọ́ kejì, mo tú ojú ewé náà wò ní ọ́fíìsì. Àwòrán tó wà lókè tó 6MB, bí ó ṣe jáde láti inú kámẹ́rà gẹ́lẹ́ ni ẹ̀ka ìpolówó ọjà ṣe gbé e síbẹ̀ nígbà tí Iléyá ku ọ̀la. Ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà ti fi àpótí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tiwọn kún un. Kódù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ka iye ènìyàn tó wọlé, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti àwọn alágbàṣe kan tí iṣẹ́ wọn pẹ̀lú wa ti parí tipẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Gbogbo wọn ló ní ìdí gidi ní ọjọ́ tí wọ́n dé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí máa fara pamọ́ fún àwọn ọ̀gá ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò dáadáa. Ní ọdún 2012, Chris Zacharias, ẹni tó ti bá YouTube kọ kódù rí, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó dín ojú ewé tí wọ́n fi ń wo fídíò kù láti 1.2MB sí 98KB, tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé ojú ewé tuntun náà síta fún ìdánwò, àmọ́ dípò kí àpapọ̀ àkókò tí ojú ewé fi ń ṣí dín kù, ńṣe ló lé sí i. Nígbà tí wọ́n tú u wò ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn láti Áfíríkà, Gúúsù Amẹ́ríkà àti Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà, tí wọn kò lè lo ojú ewé ti tẹ́lẹ̀ rárá, ló ti wá ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìṣẹ́jú méjì ó lé ni ojú ewé tuntun yẹn fi ń ṣí fún wọn, wọ́n sì fara mọ́ ọn, torí pé ti tẹ́lẹ̀ ìbá gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tí kò rí ọ̀nà wọlé kì í sí nínú ìwé tí a ń kọ orúkọ àlejò sí. Bí ọ̀gá bá wá wo àkọsílẹ̀ tó rí i pé gbogbo ẹni tó wọlé ló wọlé kíákíá, ó lè jẹ́ pé àwọn oníbàárà tó pọ̀ jù ti padà lẹ́nu ọ̀nà.

Láàárín àwa níbí, owó tún wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC, tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi owó kún owó iṣẹ́ wọn, títí kan dátà, tí kò ní ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nítorí náà, àwòrán 6MB tí a gbé síbẹ̀ láìronú, owó ìyá aláṣọ la ná, a kò sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Kí ni kí ilé-iṣẹ́ ṣe? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, Facebook bẹ̀rẹ̀ àṣà kan fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀: ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tó bá gbà á lè fi wákàtí kan lo Facebook lórí nẹ́tíwọ̀kì tó falẹ̀ bíi ti 2G. Mo fẹ́ràn àṣà yìí ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ èyíkéyìí lọ, nítorí pé ara ẹni tó ń pàṣẹ ni ìnira náà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wíwọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ wúlò. Google ti là á sílẹ̀ pé, fún ó kéré tán ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó bá wọlé, ohun tó tóbi jù lójú ewé gbọ́dọ̀ ti hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5, àti pé bí ènìyàn bá tẹ nǹkan, kí ó dáhùn láàárín ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀fẹ́ ni irinṣẹ́ tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Ní ilé-iṣẹ́ Vodafone ní Ítálì, bí ìfarahàn yìí ṣe yá sí i ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún, ọjà tí wọ́n tà lé ní ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní ọ́fíìsì tiwa, a fi òdiwọ̀n 1MB sí ojú ewé àkọ́kọ́, ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan kún un ni yóò sọ ohun tí a máa yọ. Ìjà díẹ̀ ṣẹlẹ̀ lórí fídíò kan, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀gá wa ti ní kí a máa ka iye àkókò tí ìkànnì fi ń ṣí pẹ̀lú iye ọjà tí a tà, ní ìpàdé ọjọ́ Ajé, ẹ̀ka ìpolówó ọjà fúnra wọn ló ń béèrè bí àwòrán ṣe wúwo tó kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ọ̀gá tó ń ka lẹ́tà yìí ni pé kí wọ́n jáde kúrò níbi Wi-Fi ọ́fíìsì wọn lónìí, kí wọ́n ra dátà sórí fóònù ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọn, kí wọ́n yá a lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n fi ṣí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tiwọn, kí wọ́n sì máa ka ìṣẹ́jú àáyá fúnra wọn títí yóò fi ṣí tán.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Oníṣẹ́ ìkànnì kan, Ìbàdàn