Skateboard kan, ọmọ mẹ́ta

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ mẹ́ta kan wà ládùúgbò wa ní Ṣàgámù, skateboard kan ṣoṣo, pákó oní-táyà mẹ́rin tí wọ́n ń dúró lé lórí, ni wọ́n jọ ń gùn, wọ́n á máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn, pákó ẹ̀ ti là, wáyà ni wọ́n fi dì í, bíárìn kan tó ń jẹ́ kí táyà yí ò sì yí dáadáa mọ́, ó kàn ń ké wíín wíín ṣáá. Bẹ́ẹ̀ eré yìí ti wọ Òlíḿpíìkì láti Tokyo 2020 tí wọ́n ṣe ní 2021 o! Ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ tẹ́ ẹ wà lókè òkun, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wálé ọdún, ẹ má kó ṣokoléètì nìkan, ẹ ju bíárìn mẹ́jọ (608 ni nọ́ńbà ìwọ̀n ẹ̀) àti táyà mẹ́rin sí báàgì, kò wúwo rárá. Ẹ fi akoto náà sí i, torí ọ̀kan nínú wọn ti fi eyín kan sílẹ̀ lórí títì.

Èmi ni, ìyá oníbúrẹ́dì, Mákùn, Ṣàgámù