Kí Iná Tó Wọ Igbó Etí Odò

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ọyẹ́ ò ní pẹ́ dé, igbó sísun yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ ní gúúsù Kwara. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná sóko, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ nítorí igbó etí odò àti labalábá kan tó ń gbé irú igbó bẹ́ẹ̀, Papilio dardanus.

Láti Sàró dé Kẹ́ńyà àti Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ń rí i, ṣùgbọ́n kì í gbé ọ̀dàn gbalasa. Òjìji igi ló fẹ́. Akọ rẹ̀ láwọ̀ ìyeyè, etí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú, ó sì nírù méjì lẹ́yìn. Òun ló máa ń bà sórí ẹrẹ̀ tútù láti fa iyọ̀ mu. Abo rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ò nírù rárá: dúdú àti funfun ni, ó jọ labalábá mìíràn, Amauris niavius, tó ní májèlé lára, kí ẹyẹ má baà fẹnu kàn án. Ní Etiópíà, abo náà nírù bí akọ. Ohun ìyanu gbáà ni.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yé ẹyin sórí ewé àwọn igi ẹbí ọsàn, bí atápàrí òbúkọ. Kòkòrò tó pa níbẹ̀ á kọ́kọ́ dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ. Bó bá bọ́ awọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, á di aláwọ̀ ewé. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ìwo rírọ̀ á yọ lẹ́yìn orí rẹ̀, á máa rùn. (Èyí tó pọ̀ jù lórí ọsàn inú oko, ti Papilio demodocus ni. Bó bá wà lórí ọsàn kékeré, ẹ ṣà á sórí igi tó ti dàgbà. Ẹ má fín oògùn.)

Etí igbó ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Bí a bá gé igi díẹ̀ létí odò láti gbin ewébẹ̀ ẹ̀rùn, oòrùn á wọlé, koríko á hù. Iná ọdún tó ń bọ̀ á tẹ̀lé koríko náà wọnú, á jó atápàrí òbúkọ tàtẹyin tàkòkòrò. Igi ńlá á ṣì dúró, a ó máa rò pé igbó wà, labalábá ti lọ.

Kí koríko tó gbẹ, ẹ ro etí igbó ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 15, kí ẹ gbá ewé gbígbẹ ibẹ̀ kúrò. Ẹ má sun oko lọ́sàn-án gangan. Àárọ̀ tí afẹ́fẹ́ ò tíì dìde ló dára. Ẹ̀gbẹ́ igbó ni kí ẹ ti tanná, kó máa jó lọ sáàrin oko, kí ẹni méjì sì dúró ti igbó pẹ̀lú omi àti ewé tútù.

Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, Ìrẹ́pọ̀dùn àti Ìsin pẹ̀lú àwọn baálẹ̀ wa kéde rẹ̀ kí oṣù Kọkànlá tó parí.

Òǹkàwé yín,
Òmù-Àrán