Kì Í Ṣe Gbogbo Oníwèé Oògùn Ni Gbájúẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, èyí tó ní òun ò ní fún ẹnikẹ́ni tó bá mú ìwé oògùn lọ́wọ́ tó ń tọrọ owó ní kọ́bọ̀ mọ́, pé gbájúẹ̀ ni gbogbo wọn. Ó fi kún un pé igúnnugún ṣoore ó pá lórí, àkàlàmàgbò ṣoore ó yọ gẹ̀gẹ̀. Mi ò bá a jà. Wọ́n ti lù ú ní jìbìtì, ó sì ń dùn ún. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí èmi tí mo wà lẹ́yìn káńtà náà sọ tèmi, torí ọ̀dọ̀ mi ni àwọn ìwé wọ̀nyẹn ń parí sí.

Apòògùn ni mí. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. "Ántí kẹ́mísì" ni wọ́n ń pè mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, mo ti di "Màmá kẹ́mísì".

Àwọn oníjìbìtì wà, irọ́ kọ́. Ọ̀kan wà tó ti sọ ìwé oògùn tirẹ̀ di láminétì. Ìwé tí dókítà kọ pé kéèyàn sáré lọ fi ra oògùn, ó lọ fi rọ́bà bò ó bí ẹni bo sàtífíkéètì, kí òjò má baà bà á jẹ́! Ibùdókọ̀ ló máa ń dúró sí, á ní ọmọ òun wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní òun ò ní fún un lówó lọ́wọ́, kí àwọn jọ lọ sí kẹ́mísì. Ó san 18,400 náírà, ó gba rìsíìtì, ó kó oògùn lé ọkùnrin náà lọ́wọ́. Ọkùnrin yìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìsì mi. Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fi padà dé.

"Màmá, dókítà ní ká má lò ó mọ́. Ẹ bá mi gbà á, kẹ́ ẹ dá owó padà."

Mo ní èmi kì í gba oògùn tó bá ti jáde níbí. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti káńtà, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ mú márùn-ún níbẹ̀, kẹ́ ẹ fún mi níyókù." Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ló ń wí.

Mo lé e jáde. Ṣùgbọ́n a rí ẹni tí kì í lé e, ẹ má tan ara yín. Oògùn yẹn á tún bọ́ sórí pẹpẹ, lẹ́yìn tó ti yá oòrùn nínú àpò ẹlòmíràn, aláìsàn kan á sì wá rà á bí ọ̀tun. Aláàánú nìkan kọ́ ni wọ́n ń lù ní jìbìtì.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ ara mi di ọlọ́pàá. Bí ẹnìkan bá mú oníwèé wọlé wá, tí ọkàn mi ò bá gbà á, màá ṣẹ́jú sí aláàánú náà. Ó máa ń yé wọn. Ó tiẹ̀ ń wù mí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, bàbá arúgbó kan tẹ̀ lé ọ̀gbẹ́ni kan wọlé. Oògùn ojú ló wà nínú ìwé bàbá. Ìyàwó rẹ̀ ló ni àìsàn náà, èyí tí wọ́n ń pè ní glaucoma. Ìwé ti fẹ́ẹ̀ já níbi tí wọ́n ti ń ká a, ọjọ́ tí dókítà kọ sórí rẹ̀ sì ti lé ní oṣù méjì. Ọjọ́ yẹn ni ojú mi rí, kò rí nǹkan mìíràn. Mo ṣẹ́jú. Ọ̀gbẹ́ni náà ní òun gbàgbé wọ́lẹ́ẹ̀tì sínú mọ́tò, ó jáde, a sì gbọ́ tí mọ́tò ṣí. Bàbá dúró, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó dàárọ̀, ọmọ mi," ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló padà wá. Ó tú ọ̀rá kan sórí káńtà: àádọ́ta náírà, ọgọ́rùn-ún, igba, gbogbo rẹ̀ ti rún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Iye ìgò kan ló wà níbẹ̀, kò lé kọ́bọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí ìwé náà fi pẹ́ tó báyìí. Ó ní láti ọjọ́ tí dókítà ti kọ ọ́ ni àwọn ti ń kó owó rẹ̀ jọ.

Ìríran tí àìsàn yẹn bá ti gbé lọ, kì í padà. Èyí tó ṣẹ́ kù ni oògùn ń bá wọn ṣọ́. Mo kọ́ ọ nílé ìwé, mo mọ̀ ọ́n bí orúkọ mi, mo sì ṣẹ́jú.

Ẹ tún wo bí ọjà oògùn ṣe rí. Láti 2023 tí ilé iṣẹ́ oògùn ńlá kan láti òkèèrè ti kógbá sílé lọ́dọ̀ wa, tí náírà náà sì já wálẹ̀, ínhélà, oògùn tí àwọn tó ní ikọ́ fée (asthma) ń fà sínú, ti di ohun tí wọ́n ń fi ojú kí. Òfin adójútòfò ìlera tó ní kó kan gbogbo èèyàn ti wà láti 2022, àmọ́ àpò ara wọn ni àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ń tọwọ́ bọ̀. Mo ti rí tíṣà tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, tó ń tọrọ. Nítorí náà, ẹ má fi aṣọ dá wọn mọ̀. Ìbéèrè ni kí ẹ tẹ́tí sí. Ẹni tó ní aláìsàn nílé á bi mí bóyá kí wọ́n tó jẹun ni àbí lẹ́yìn oúnjẹ, bóyá òun lè ra ìdajì. Oníláminétì ò bi mí ní nǹkankan.

Ọmọbìnrin tó san 18,400 yẹn tún wá ra oògùn orí fífọ́ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó pòṣé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ti ẹlòmíràn tó bá tún wá, ẹ bá mi ṣí i kó tó kúrò níbí."

Ohun tí mò ń ṣe nìyẹn. Tí aláàánú bá ti sanwó, màá já ìdérí ìgò lójú gbogbo wa, màá bẹ́ ojú káàdì oògùn kan, màá fi báírò kọ orúkọ aláìsàn gàdàgbà sára páálí. Ẹni tó fẹ́ lò ó, kò dí i lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ tà á, ojú rẹ̀ á yí pa dà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ fi í sílẹ̀ fún mi, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí òǹkàwé yín ní kí apòògùn àdúgbò rẹ̀ máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún un.

Bàbá ṣì ń wá ra ìgò kan lóṣooṣù. Mo dín owó rẹ̀ kù lẹ́ẹ̀kan, ó ka ṣéńjì náà lórí káńtà, ó tì í padà sí mi. "Ọmọ mi, o ti ṣi owó kà." Mi ò tíì sọ fún un pé mo ṣẹ́jú.

Èmi ni,
Màmá Kẹ́mísì,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.