Ta Ló Di Ìgbákọ Mú?

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí ìpàdé ẹgbẹ́ ọkùnrin di ìjà, lórí owó ìlera ìjọba. Arákùnrin wa tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí kíndìnrín sọ pé ọsibítù ńlá, ní Adó-Èkìtì àti Ìdó-Èkìtì, ni kí wọ́n kó owó sí. Ìyá wa tó fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì (kọ́kọ́rọ́ ló wá gbà o, kì í ṣe ìpàdé!) dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà: ẹ̀ẹ̀melòó ni òun ti fi tọ́ọ̀ṣì gbẹ̀bí ní séńtà ìlera abúlé? Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Mo délé, mo ṣí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì ń kùn pé wọ́n ń fo àwọn opó tiwọn bí wọ́n bá ń pín oúnjẹ. Ẹ ka orúkọ àwọn méje tí wọ́n wá yàn: Stéfánù, Fílípì, Tímónì àti àwọn yòókù. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo rẹ̀! Ẹni tó ń kùn ni wọ́n gbé ìgbákọ lé lọ́wọ́.

Ìkòkò tiwa kéré. Ní Àbújá lọ́dún 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí náírà 15 nínú 100 ìnáwó ìjọba fún ìlera. Nàìjíríà kò tíì dé ibẹ̀ rí. Òfin ìlera ọdún 2014 ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, irú èyí tí séńtà abúlé ń ṣe. Nínú rẹ̀, ìdá 20 nínú 100 jẹ́ ti oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, 15 jẹ́ ti ilé, ẹ̀rọ àti ọkọ̀.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń pín in, abúlé ni n óò kọ́kọ́ bù fún, torí aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò lè dúró dé Adó. Mo sọ ọ́ fún arákùnrin wa. Kò dùn mọ́ ọn, èmi náà kò sì sùn dáadáa.

Ó yẹ kí ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ará àdúgbò tó ń bójú tó séńtà, mọ bí owó séńtà ṣe ń wọlé, tó ń jáde. Mo bèèrè ẹni tó ti lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ náà rí. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló sókè, onítọ̀hún ní òun ti yé lọ, wọn kì í fúnni ní omi mu. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Arákùnrin wa ní òun yóò lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀, bí kò bá ti bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ òun. Ìyá ní àwọn yóò jọ lọ ni.