Ọmọ tó fẹ́ ra mọ́tò tọ́bò, kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ Ìyá Ọlọ́ìlì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Èmi kì í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ eléyìí sórí fóònù bí mo ṣe ń sọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, torí náà tẹ́ ẹ bá rí ibi tọ́rọ̀ ti já tàbí tó ti gùn jù, kọ́sítọ́mà ló dé tí mo dìde lọ dá lóhùn. Lẹ́tà ọmọkùnrin Ìjẹ̀bú-Òde tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló bí tèmi, èyí tó ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lòun, pé òun ti rí mọ́tò tókúnbọ̀ kan tó ní tọ́bò, ohun tó ń fi kún agbára ẹ́ńjìnnì, òun sì fẹ́ kó ti wà nílẹ̀ kí Ojúde Ọba tó dé, pé bàbá òun ní kóun má dán an wò, àwọn ọ̀rẹ́ òun ní kóun rà á kíákíá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí i táwọn èèyàn fèsì, tọ́bò ò da, tọ́bò ò da, ẹnikẹ́ni ò sọ ohun tó bà á jẹ́.

Èmi ò ní ní kó má rà á. Ọ́ìlì ni mò ń tà ní apá Mobalufọn, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ó ti lé lógún ọdún, àwọn ọmọ gáréèjì ló sọ mí ní Ìyá Ọlọ́ìlì. Tèmi ni pé kó tó ka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kó lọ bèèrè iye tí wọ́n ń ta irú ọ́ìlì tí mọ́tò yẹn ń mu, kó sì wádìí irú ọ́ìlì tó ti ń mu bọ̀ látọjọ́ yìí. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ tọ́bò wà.

Àwọn tó ń sọ pé nǹkan àrà ọ̀tọ̀ táwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé ni, ẹ lọ dúró lẹ́bàá ọ̀nà Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ lálẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ tìrélà tẹ́rù wọ̀ lọ́rùn tó ń gun òkè, ohun tó ń ké fíín bí ẹni ń súfèé yẹn, tọ́bò ni. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, tìrélà ló wà títí tó fi lọ. Tó bá ti Benin dé, kì í pa ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan náà láéláé, á jẹ́ kó máa rọra kùn, òun á sọ̀ kalẹ̀, á bọ́jú, á mumi, á bá ará àdúgbò ṣàwàdà, ó máa tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin kó tó padà gòkè lọ pa á. Èmi á máa kùn pé epo ló ń sun dànù yẹn o. Á ní, "Ìyàwó, tọ́bò ṣì ń mí hẹlẹ, jẹ́ kó fọkàn balẹ̀ ná."

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le. Èéfín gbígbóná tí ì bá gba sàlẹ́ńsà jáde lọ lásán ni wọ́n fi ń yí fáànù kékeré kan, fáànù míì wà lódìkejì lórí irin kan náà, òun ló ń fa afẹ́fẹ́ tó ń kì í bọ inú ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ tó bá pọ̀ ló ń jẹ́ kí epo púpọ̀ lè jó, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì líítà 1.4 fi lè máa ṣe bí 1.8 tàbí 2.0. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa á yí bí ìgbà 6,000 níṣẹ̀ẹ́jú kan, irin inú tọ́bò máa ń yí ju 100,000 lọ níṣẹ̀ẹ́jú kan náà, iná sì ń jó o lápá kan. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló gbé e dúró kó má fara kan ilé ẹ̀. Ẹ wá rò ó wò, ọ́ìlì ti gbó, tàbí ó ti dín, tàbí ẹ sáré láti Ọ̀rẹ dé ẹnu géètì tẹ́ ẹ sì pa á wàì, kò sí nǹkan tó ń ti ọ́ìlì lọ mọ́, èyí tó kù síbẹ̀ á jó mọ́ ọn lára, á dúdú gbì bí ìdí agbada alákàrà. Ìdọ̀tí yẹn ló ń dí ọ̀nà ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ kan lẹ máa ṣíná tí irin á máa ha irin.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí ló kàn yìí. Ọmọ àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ra jíìpù kékeré kan bẹ́ẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, tókúnbọ̀, ó ń dán yinrin, àga aláwọ, àwọn ọmọ àdúgbò ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹni tó tà á fún un ní kó wá nírọ̀lẹ́, nígbà tó fi débẹ̀ wọ́n ti ṣíná sílẹ̀ dè é, AC ń fẹ́ ẹ títí dé ọkàn, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mọ́tò fò, ó bá sanwó. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná kì í ka ẹ̀ṣẹ̀ ara ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, èéfín tó ń tú nígbà tó tutù, ariwo irin tó ń dún ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, gbogbo ẹ̀ á ti parẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, "Àǹtí, ẹ wọn ọ́ìlì fún mi, èyí tí ò bá ti wọ́n, mọ́tò ti gba gbogbo owó ọwọ́ mi." Mo lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù, mo wọn èyí tó ki yẹn fún un, èyí táwọn onídáńfó máa ń rà ní líítà líítà. Mi ò bi í pé ẹ́ńjìnnì wo ni. Tọ́bò tí mo mọ̀, tìrélà ni, kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé nǹkan kékeré tọ́mọdé ń wà káàkiri náà lè ní in, èmi tó jẹ́ pé owó tọ́bò ni ọkọ mi fi bọ́ mi! Mo tún yọ owó díẹ̀ fún un torí ọmọ mi ni.

Kò pẹ́ ó tún wá ra líítà kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, líítà míì. Mọ́tò tí ò jo ọ́ìlì sílẹ̀ tó sì ń gbé e mì báyẹn, ó ti ń ké gbàjarè, mo gba owó mi, mo fún un ní ṣéńjì, ó lọ.

Oṣù kẹrin, ó ń ti Èkó bọ̀, ó kù díẹ̀ kó dé ìkóríta Ṣàgámù ló gbọ́ tí nǹkan ń ké bíi sáírìn, ó wẹ̀yìn wò, kò rí ọlọ́pàá. Kò dúró. Ó yà sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, mọ́tò ò fà mọ́, èéfín búlúù bo gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ ń tẹ fèrè fún un, iná pupa ọ́ìlì tàn níwájú ẹ̀, ó ní òun kàn fẹ́ délé ni. Kò délé. Tọ́bò ti tú, ó ti da gbogbo ọ́ìlì sínú sàlẹ́ńsà, ẹ́ńjìnnì gbẹ, ó gan. Ọjà Ládípọ̀ ní Èkó ló ti lọ ra Bẹ́ljíọ̀mù ẹ́ńjìnnì, àlòkù òkè òkun, owó tó sì ná lé e lórí ju ìdajì owó mọ́tò lọ. Ká ní ó páàkì nígbà tó gbọ́ igbe àkọ́kọ́ yẹn, bóyá tọ́bò nìkan ni ì bá pààrọ̀. Gbogbo ẹbí ló ń ṣépè fún ẹni tó ta mọ́tò fún un, èmi ò lè bá wọn ṣe é, mo mọ ohun tí mo wọn sí kéègì.

Ọmọ mi tó ń tẹ lẹ́tà yìí ti wá gbogbo ẹ̀ kà lórí fóònù lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní ará Switzerland kan, Alfred Büchi, ló gbàwé ẹ̀rí lórí iṣẹ́ yìí lọ́dún 1905, pé ní 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ ta mọ́tò kékeré onítọ́bò fún aráàlú ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan lára wọn, Oldsmobile Jetfire, ní omi kan tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù tó yẹ kí ẹni tó ni ín máa rọ sínú ẹ̀ kí epo má bàa gbiná ṣáájú àsìkò nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wọn ò rọ ọ́, wọ́n kàn ń wà á lọ, lẹ́yìn 1963 ilé iṣẹ́ náà pa á tì. Mo rẹ́rìn-ín tì. Mo ti rò pé àwa nìkan là ń ra mọ́tò olówó ńlá tá a wá ń du ọ́ìlì.

Àbúrò tó kọ lẹ́tà, tó o bá ṣì fẹ́ rà á, àárọ̀ kùtù ni kó o lọ, má sọ àsìkò tó o máa dé fún wọn. Kó o tó kí wọn tán, gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti ṣe é kalẹ̀ dè ẹ́ nìyẹn, ní kí wọ́n pa á, kó o padà lọ́la. Tó bá tutù, ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, tó o bá rí nǹkan funfun bí ògì níbẹ̀, omi lè ti wọ ọ́ìlì, máa lọ ilé. Tó bá dúdú tó sì dì bí ọṣẹ dúdú, ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ kì í pààrọ̀ ọ́ìlì. Jẹ́ kẹ́nì kan dúró sẹ́yìn kó máa wo èéfín nígbà tí wọ́n bá ń ṣíná. Tí wọ́n bá ti pa á, mẹkáníìkì tó o bá mú lọ, kó tú páìpù afẹ́fẹ́ tó lọ sídìí tọ́bò, kó fọwọ́ mi irin àárín ẹ̀, irin yẹn lè mì fín-ín ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ máa jà gbọ̀ngbọ̀n kan ilé ẹ̀. Kó gbé sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka àléébù mọ́tò, dání o, torí wọ́n máa ń pa iná check engine rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀, sìkánà tó dáa sì máa ń fi hàn pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nǹkan rẹ́. Nọ́ńbà ṣáásí náà, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni, tí mọ́tò bá ti Amẹ́ríkà wá, èyí tó ṣe ìkẹwàá ló ń sọ ọdún ẹ̀, D ni 2013, F ni 2015, tí wọ́n bá ní 2015 ni tó o wá rí D, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Wọ́n tún ń fi nọ́ńbà yẹn wò ó lórí fóònù bóyá ó ti ní jàǹbá ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó tún un kùn, owó díẹ̀ ni, san án.

Nípa mẹkáníìkì, màá sọ òótọ́ kí wọ́n tó wá bá mi jà. Ọ̀pọ̀ àwọn tiwa níbí, Camry àti Corolla ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́, ọwọ́ wọn já fáfá lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí tọ́bò bá ti yọnu, wọ́n á ní kí wọ́n tú u dànù. Wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kó o tó ra mọ́tò. Ọ́ìlì tí ọ̀pọ̀ wọn ń mu, full synthetic ni, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe dáadáa, 5W-30 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki sí) tàbí ohun tí ìwé mọ́tò bá kọ, líítà mẹ́rin sí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ìwé lè ní ó di 10,000 kìlómítà kó o tó pààrọ̀, pẹ̀lú oòrùn àti góósílóò tiwa, èmi á ní 5,000. Ó wọ́n. Ayédèrú náà sì pọ̀, àwọn kan ń sẹ́ ọ́ìlì àlòkù padà sínú kéègì tuntun, torí náà ọwọ́ ẹni tó o mọ ilé ẹ̀ ni kó o ti máa rà. Tó bá jẹ́ pé owó mọ́tò nìkan ló wà lọ́wọ́ ẹ, owó ẹ ò tíì pé.

Ọmọ mi ní kí n fi eléyìí kún un, pé tọ́bò míì máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ tó o bá tẹ̀ ẹ́, á wá ta ẹ́ síwájú lójijì, má lọ máa fi ìyẹn kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya mọ́tò sílẹ̀ lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó. Lórí márosẹ̀ pàápàá, 100 kìlómítà ní wákàtí kan lófin wí.

Ojúde Ọba á tún wáyé lọ́dún tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa ka mọ́tò ẹ níbẹ̀ níwájú ẹṣin. Èmi ní tèmi, ẹnikẹ́ni tó bá wá ra ọ́ìlì báyìí, mo máa ń ní kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí n wò ó, àwọn kan ń pòṣé pé ìyá yìí ti da àgbà, àwọn kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ọmọ àbúrò mi ti ta jíìpù yẹn, Corolla tí ò ní tọ́bò ló ń wà. Àná ló wá pààrọ̀ ọ́ìlì níbí, mọ́tò kan ń súfèé fíín kọjá lójú títì, ó dákẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ lọ́wọ́, ó ń wò ó títí tó fi yà ní kọ́nà.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ọlọ́ìlì, Ìjẹ̀bú-Òde